Ṣílè Méjì

Ọyẹ́ ń fẹ́ ní Kubwa, iná ti lọ.
Lórí fóònù, orúkọ bàbá bàbá mi
rí bàìbàì bí àpáta Zuma láàárọ̀:
san dọ́là mẹ́sàn-án kí ojú ìwé tó mọ́.

Káàdì mi kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ti Rámátù, ará yàrá kejì, ló gbà.

Kùrukùru ká.
*Lágbayí, òṣìṣẹ́ rélùwéè, Minna.
Ó pa iṣẹ́ jẹ ní Tọ́sìdeè.
Ẹ yọ ṣílè méjì nínú owó rẹ̀.*

Mo wo déètì náà, mo tún un wò.
Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bàbá mi ni.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí
pé wọ́n ti gbowó lórí orúkọ yẹn.

Rámátù ní, "Kí lo rí?"
Mo ní, "Rìsíìtì."