Itọ́ Ológbò Mẹ́tàlélógójì

Dókítà Fáwẹ̀hìnmí ní kí n má wulẹ̀ wá ẹ̀jẹ̀ lọ.
Itọ́ ló fẹ́.
Òwú díẹ̀ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́,
kí n fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín,
kí n kà dé ogún kí n tó yọ ọ́.
Ẹ dán an wò, ẹ ó rí bí ogún ṣe jìnnà tó.

Mo ti rìn ká Akúrẹ́ nítorí itọ́.
Mo dé Arákàlẹ̀, mo dé Ìsínkàn,
mo dé ẹ̀yìn odò ẹran,
níbi tí ológbò tí kò ní olówó ti ń bá ajá du ìfun.
Àwọn ọmọdé tọ̀ mí lẹ́yìn: "Bùrọ̀dá Ológìnní! Ẹ má pa á o!"
Ìyá kan wò mí tìfura-tìfura,
ó ní ẹni tó ń gba itọ́ lẹ́nu ológbò,
kí ló fẹ́ fi ṣe tó lè sọ fún pásítọ̀ rẹ̀?

Ohun tí à ń wá kò ṣeé ṣàlàyé lójú títì.
Kòkòrò kan ni, ó kéré ju ohun tí awò wa lè rí,
ó ń bá eyín wọlé lóru
nígbà tí akọ méjì bá ń jà lórí páànù.
Kì í pa ológbò lọ́jọ́ tó bá dé.
Á jókòó bí àlejò tó mọ̀wàá hù,
á kí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, á bá a jẹun.
Tó bá di ọdún kẹta, ọdún kẹrin,
aṣọ ẹ̀ṣọ́ nìkan ló kù lórí àga.

Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe ògiri.
Ara gbọ́dọ̀ lanu kó tó jẹun,
imú gbọ́dọ̀ ṣí kó tó mí;
ojú, ìfun, ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wáyé,
ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo ni gbogbo wọn.
Omi fẹ́lẹ́ ló ń ṣọ́ wọn.
Itọ́. Ikun. Omijé.
Ohun tí à ń tu dànù, tí à ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù,
inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sùn sí láìbọ́ bàtà.

Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá a lè kọ́ wọn;
ká kán nǹkan sí imú ológbò dípò ká gún un nítan,
kí ẹ̀ṣọ́ ti mọ ojú olè kí olè tó kanlẹ̀kùn.
Kò tíì rí i ṣe. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí.

Nọ́ńbà kọkàndínlógún ni Kánsílọ̀,
ológbò Màmá Adébóyèjọ, aránṣọ ní Òkè-Àró.
Etí rẹ̀ òsì ya bí etí àkísà, erìgì rẹ̀ wú.
Èsì dé. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sọ fún un,
nítorí irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù.
Mo ní, "Màmá, kì í ran èèyàn. Ti ológbò nìkan ni.
Ẹ má jẹ́ kó jáde lóru, kó má jà mọ́, ó lè pẹ́ láyé."
Kò gbójú kúrò lára máṣíìnì.
Ó ní, "Irú ẹ̀ tó ń mú èèyàn ńkọ́?"
Mo ní ìyẹn ní oògùn.
Ó ní, "Mo mọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Èmi ni mo máa ń pe ọmọ mi ní Òkìtìpupa, kó má baà gbàgbé."
Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú, ó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́.
A ò sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n múná lọ láti àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀.
Fìríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sílẹ̀.
Nínú mẹ́tàlélógójì, mẹ́rìndínlógún ló ṣeé lò.
Dókítà kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó bi mí bóyá òwú ṣì kù.
Òwú ṣì kù.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó dé Òkè-Àró.
Kánsílọ̀ wà lójú fèrèsé,
lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n fi ìṣó kàn,
ó ń fahọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan, ìkejì,
kò kánjú,
ó ń fi itọ́ pa gbogbo ara.