Kì Í Ṣe Orí Bíbẹ́

Oyèlẹ́yẹ, iná Kérésì ni.
Kérésì ti lọ láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún,
Ìyá àgbà Pelletier kò lè gun àkàbà,
ìwọ lo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."
Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Wínípẹ̀gì mọ yìnyín dúdú,
èyí tí ojú kì í rí, tí ẹsẹ̀ ń rí.
Ẹsẹ̀ àkàbà ló kọ́kọ́ rí i.

O ṣubú. O dìde. O gbọn yìnyín kúrò lára ṣòkòtò,
o rẹ́rìn-ín, o mu tíì ìyá náà, o jẹ bisikíìtì méjì,
o ní orí ń fọ́ ọ díẹ̀, o wọlé lọ sùn.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo pè ọ́, o kò dáhùn.
O ń hanrun bí ẹni ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì.
Mo ṣí ojú rẹ wò: ọmọlójú kan kéré,
èkejì fẹ̀ bí bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù.

Dókítà Kowalchuk fa ìbòjú sílẹ̀ sí àgbọ̀n.
Ó kúrú, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá.
Ọpọlọ ń wú, ó ní. Agbárí kì í fẹ̀.
Bí a kò bá ṣí i láàárín wákàtí kan—
kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó na bírò sí mi.

Mo rántí ẹ̀wà tí a rẹ sínú ìgò ní Ìpetumodù.
Ìwọ lo dé e pa, ọmọ ọdún méje,
o fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀wà lè ṣe.
Ilẹ̀ mọ́, ìgò ti là sí mẹ́rin,
ẹ̀wà wà nílẹ̀, ó funfun, ó tóbi, ara rẹ̀ balẹ̀.
Ìyá nà ọ́. Èmi ni mo gbá àfọ́kù.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.
Obìnrin yìí kò gbọ́ òwe náà rí,
ayùn rẹ̀ sì ti wà lórí iná mànàmáná.
Mo wo bírò. Orúkọ báńkì wà lára rẹ̀.
Orúkọ mi gùn ju ìlà tí wọ́n fà fún un lọ;
mo kọ ọ́ kọjá etí ìwé.

Wákàtí mẹ́rin.
Nọ́ọ̀sì Marisẹ́l gbé àpò ọ̀rá kan fún mi:
irun rẹ, ti ìlàjì orí péré.
Mo béèrè egungun. Ó ní ó wà nínú fìríìsà,
orúkọ rẹ wà lára rẹ̀. Ó fi ìwé hàn mí. Wọ́n ṣì í kọ.
Mo ní kí ó tún un kọ. Ó tún un kọ.
Egungun ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lórí.

Mo pe Ìyá. Fóònù ń já.
"Wọ́n ti yọ egungun, Ìyá."
"Egúngún wo ló yọ nínú òtútù yẹn?"
Mo rẹ́rìn-ín,
mo rẹ́rìn-ín títí Marisẹ́l fi gbé omi wá.

Níbi tí egungun ti kúrò, awọ ń mí.
Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun.
Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án.
Oṣù méjì ni ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fọwọ́ kàn án,
Ìyá gbá mi lọ́wọ́. Ó ṣì ń ta mí.

Wọ́n ti gbé akoto aláwọ̀ ojú ọ̀run sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
fún ọjọ́ tí wàá dìde.
Ẹni tó lórí kò ní fìlà, àbí?
Fìlà tìrẹ ti dé. Orí ló ku ẹ̀là kan.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ètè rẹ gbéra.
Mo ń retí orúkọ mi, tàbí ti Ìyá.
O ní, "Iná."
Mo tan iná yàrá. O dijú, o bínú.
"Iná… yẹn."

Ìlàjì rẹ̀ ṣì rọ̀ lára òrùlé, àbúrò mi,
pupa, àwọ̀ ewé, pupa.
Alaalẹ́ ni Ìyá àgbà Pelletier ń tàn án,
kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun àkàbà.