Mẹ́gà Mélòó Ni Ojú Kan?

Nínú ìwé ìṣirò Rexan, ojú ewé tó gbẹ̀yìn,
mo fa ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lóru.
Ọ̀kan fún aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan fún aláwọ̀ ewé,
ọ̀kan fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Mambajao,
tó ń ké kiri ìlú bí ọmọ tuntun.
Ọmọ mi jí. "Ìyá, kí lẹ ń ṣírò?"
Mo ní, "Bàbá rẹ ni."

Aláwọ̀ búlúù: gíìgì mẹ́jọ, ọjọ́ méje,
pésò mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.
Wọ́n yọ ẹyọ kan ṣoṣo kúrò nínú ọgọ́rùn-ún
kó lè dà bíi pé wọ́n ṣàánú wa.
Aláwọ̀ ewé: gíìgì márùn-ún, àmọ́ ó ní èènì.
GÍÌGÌ MẸ́TA SÍ I, lẹ́tà gàdàgbà.
Nísàlẹ̀, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà:
ijó àti àwàdà nìkan ni a lè fi èènì yìí wò.
Èènì wo nìyẹn?
Ẹni tó ra ìrẹsì, tí wọ́n bu ìyẹ́ adìyẹ lé e lórí,
ṣé ó gba èènì?

Ti tuntun ní òun kò lópin.
Kò lópin! Bí ojú ọ̀run.
Mo bi Nang Iluminada, tó ń ta káàdì ní èbúté.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fẹ́ bọ́.
"Kò lópin," ó ní, "títí tó fi pé gíìgì méjì lóòjọ́.
Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbín tó ru ilé méjì ni."

Wilmer wà nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó mọ́tò
láti Ulsan lọ sí èbúté tí ahọ́n mi kò lè pè.
Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ ló tó ń pè wá,
nígbà míì wákàtí kan, nígbà míì ogún ìṣẹ́jú.
Mo ti wọ̀n ọ́n.
Ìṣẹ́jú kan ojú rẹ̀ ń jẹ mẹ́gà mẹ́wàá.
Tó bá rẹ́rìn-ín ńkọ́? Iye kan náà.
Tó bá dákẹ́, tó kàn ń wò mí?
Iye kan náà ni.
Ohùn rẹ̀ nìkan kò tó mẹ́gà kan.
Ìyá rẹ̀, Basilisa, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn,
ohùn ti tó o.
Òun ló mọ ọjà rà jù nínú ilé wa.

Lálẹ́ Àbámẹ́ta, aago méjì òru ku díẹ̀, ó pè.
Aláwọ̀ búlúù tí mo yàn lẹ́yìn ìṣirò ọ̀sẹ̀ méjì
dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tó ń bẹ̀rù ajá.
Òkè Hibok-Hibok ló dí i lọ́nà.
N kò fa ìlà kankan fún òkè.
Ojú Wilmer já sí wẹ́wẹ́, igun, igun,
imú rẹ̀ ti dé, ètè rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lójú òkun.
A gbé ìyá àgbà tòun ti àga rọ́bà rẹ̀
lọ sábẹ́ igi lansónè,
níbi tí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ti ń yọjú.
Rexan na fóònù sókè bí ẹni ń fún ẹyẹ lóúnjẹ.
"Ta ló wà níbẹ̀?" ni Wilmer ń wí. "Òkùnkùn ni mò ń rí."
Ìyá rẹ̀ ní, "Èmi náà.
Máa sọ̀rọ̀ lọ."

Gíìgì mẹ́fà ló ṣẹ́ kù di Ọjọ́rú.
Aago méjìlá òru lù, wọ́n gbà á padà.
Kò bàjẹ́, kò rùn, a kò sì rí i jẹ.

Mo ti fa ìlà kẹrin sínú ìwé náà.
N kò tíì mọ ohun tí màá kọ sórí rẹ̀.
Rexan ní kí n yára,
olùkọ́ yóò gba ìwé lọ́la.