Àlàfo Náà Wà Nínú Iye

Ẹgbàájì lẹ́tà ni wọ́n fún un,
kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé.
Ìbíwùmí jókòó ti òfì mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀,
fóònù lọ́wọ́, ó ń kà lábẹ́nu bí ẹni ń ka owó olówó.
"Yèyé, àlàfo náà wà nínú iye."
Àlàfo wo?
"Ibi tí n ò kọ nǹkan kan sí, láàrin ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù?
Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un lórí igi yìí
pé ibi tí òwú kò sí pàápàá, aṣọ ni.

Ìwé ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu, ká tó kan ọ̀rọ̀.
Wọ́n ní ká mú ìwé ọjọ́ ìbí wá.
Òjò ló ń rọ̀ ní Ògìdì lọ́jọ́ tí mo bí i,
agbẹ̀bí fi èédú kọ ọjọ́ náà sára ògiri.
A ti kun ògiri ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì.
Ìwé-ẹ̀rí Wáẹ́kì pè é ní Ìbíwùnmí,
ìwé ìrìnnà pè é ní Ìbíwùmí:
lẹ́tà kan ṣoṣo, èyí tó kàn ń kùn nímú lásán,
òun ló gbé wa dé kóòtù ní Kàbà.
A búra níwájú ọkùnrin kan tí kò gbójú sókè
pé ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì.
Mo fẹ́ sọ fún un pé inú ara mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Kò bi mí. Ó lu òǹtẹ̀, ó gbowó.

Tíṣà Mẹ́dùbí tó kọ́ ọ ní kẹ́mísírì
ni yóò jẹ́rìí sí ọgbọ́n rẹ̀.
Ìjọba ti gbé e lọ sí Ìsánlú.
A bá a nídìí ebè, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò,
ó ní òun á kọ ọ́,
òun á sì gun àpáta ẹ̀yìn ilé lọ fi ránṣẹ́,
níbi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń fẹsẹ̀ kan dúró sí.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án, a ò gbúròó.
Lóru ọjọ́ kẹwàá fóònù dún, ọmọ mi bú sẹ́kún.
Mo fò dìde, mo ṣebí ìtúfọ̀ ni.

Ó ka lẹ́tà tirẹ̀ fún mi, ó ń fi èdè wa tú u.
Mo ní, ìkíni dà? Ta ní í wọlé onílé láìwí ọ̀kun?
Ó ní èyí kì í kí ẹnikẹ́ni.
Ìkòkò aró mi ló fi bẹ̀rẹ̀:
pé aṣọ a máa jáde nínú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù,
afẹ́fẹ́ a fẹ́ sí i, lójú wa báyìí a di aró;
pé láti ọmọ ọdún mẹ́fà lòun ti ń bi mí, kí ló fà á?
Òótọ́ ni. Mo máa ń ní, "Bọ́ sẹ́yìn, kó má ta sí ọ lára."
Ogójì ọdún ni mo fi ń rí i.
N kò bèèrè rí.

Lánàá mo gbọ́ orúkọ mi, Jọláadé, lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀.
Lálẹ́ yìí, ó ku ẹ̀ẹ̀kan.
Ó wolẹ̀. "Yèyé, ó ṣì fi mọ́kàndínlọ́gọ́ta lé."
Gé e, mo wí.
Òwú tó bá yọ létí, ọ̀bẹ là ń fi sí i,
aṣọ kì í tìtorí ẹ̀ tú.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ń pa lẹ́tà jẹ, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.
N kò mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn.

Lówùúrọ̀ yóò gun ọ̀kadà lọ sí Kàbà
lọ fi àwọn ìwé náà sínú ẹ̀rọ tó ń ya wọ́n.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ kan yọ nínú aró,
mo bá a kó wọn jọ kí n tó rántí ọwọ́ mi.
Ìka kan hàn gbangba létí ìwé ìbúra.
Mo mú omi, mo mú ọṣẹ.
Ó ní kí n fi í sílẹ̀,
pé wọn ò ní ka ìyẹn mọ́ lẹ́tà.