Ìwé Ìwọ̀n

Ìwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
èèpo rẹ̀ ti ya, òróró ẹ̀rọ ti bà á jẹ́.
Gbogbo Ìtòkú ló wà nínú rẹ̀: èjìká, ìbàdí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò,
ẹni tó sanwó àti ẹni tó ṣì jẹ mí.
Ojú ewé kan ṣoṣo ni n kò kọ gbèsè sí.
Fẹhíntọlá ló ni ín.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.
Nọ́ọ̀sì kan ní Ìdí-Aba ló yọ téèpù,
kò wọn àyà, kò wọn apá,
orí ló yí i ká: ínṣì mẹ́tàlá àti ààbọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń rán fìlà fún ọmọ òòjọ́?
Ó fa ìka mi, ó gbé e lé àwùjẹ̀ ọmọ.
Ibẹ̀ rọ̀, ó ń mí lábẹ́ ìka mi
bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́,
àbí ìdí nìyẹn tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi ń jẹ́ ọpọlọ?
"Ẹ má tẹ̀ ẹ́," ó ní, "kò tíì pa pọ̀."
Aránṣọ ni mí, ó yé mi.
Aṣọ ọmọ tó ń dàgbà, a kì í rán an kó fún pinpin.

Ọrùn le. Ó jókòó, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpò gààrí.
Títí dé oṣù keje, bí mo bá fi àkísà bo bọ́tìnì, ó parí,
bọ́tìnì ti kúrò láyé.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó nawọ́, ó ṣí àkísà,
ó sì wò mí lójú bí ẹni tó mú olè.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi pè mí ni "Téè",
nítorí téèpù tó ń fì lọ́rùn mi.

Nílé ìwé ní Ìtókò, wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá,
kó fi kan etí òsì. Ìka kù díẹ̀.
Alaalẹ́ ló ń dúró níwájú dígí,
ó ń fa etí wá pàdé ìka.

Eyín wàrà yẹ̀. Ó jù ú sórí páànù.
Ọdún kan kọjá tí kò fi ju ìbú ìka kan lọ;
ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tú ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹta,
aṣọ tán, ọmọ ò tán.

Ó pé ọdún mọ́kànlá, mo na téèpù, ó fi apá bo àyà.
N kò sọ nǹkan kan. Mo fa téèpù lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.
Láti ọjọ́ náà, ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ ló wà lójú ewé,
nọ́ńbà wínníwínní tí n kì í bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Nǹkan oṣù dé. Rorẹ́ so níwájú orí.
Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà nítorí búrẹ́dì,
ó ṣí i, ó ń sunkún, kò mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún.
Lọ́jọ́ kan ó gun àpáta ẹ̀yìnkùlé wa nínú òjò,
nítorí pé ẹnì kan ní kò tó bẹ́ẹ̀.
Orúnkún là. Mo ké mọ́ ọn ní Ìdí-Aba:
"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"
Dókítà tó ń gán an kò tiẹ̀ gbójú sókè.
"Kò tíì pé, bàbá. Iwájú orí, níbi tí a fi ń rò ó wò ká tó fò,
òun ló ń pé kẹ́yìn.
Ó lè tó ọdún mẹ́wàá sí i."
Ọdún mẹ́wàá! Oníbàárà wo ló ń fún mi nírú àyè bẹ́ẹ̀?

Lálẹ́, ó sùn sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, báńdéèjì lórúnkún.
Mo rọra gbé ìka lé ibi tí àwùjẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.
Ó ti le bí òkúta Ẹ̀gbá.
Síbẹ̀, n kò tẹ̀ ẹ́.

Ó la ojú kan:
"Bàbá, kí lẹ tún ń wọ̀n?"