Àpáàdì Lára Táǹkì

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ géètì ibẹ̀ wà.
Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti fẹ̀yìn tì
kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀.
Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Táǹkì omi Òkèlélé,
alángbá ló ń gbé inú ẹ̀,
ẹnu páìpù ti di ilé agbọ́n.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni wọ́n dé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.
Múìnátù ọmọ Ìyá Alámù ló ṣáájú,
èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Pólì.
"Bàbá, a fẹ́ ya ẹ̀rọ omi sára táǹkì."
Mo ní, ọ̀dà dà?
Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ebu,
níbi tí àwọn ìyá rẹ̀ ń da ìkòkò tó bẹ́ lójú iná sí,
òkìtì tó ti ga ju ọmọ ilé-kéú lọ.
"Ọ̀dà wọ́n, Bàbá. Àpáàdì ò wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣà á:
pupa rúsúrúsú, dúdú tí èéfín ti mu yó,
èyí tí ipa àtàǹpàkò ìyá kan ṣì wà lára rẹ̀,
ìyá náà sì ti kú.
Ìsíákà tó ń po sìmẹ́ńtì, kò kàwé púpọ̀,
òun ló mọ bí àpáàdì ṣe ń jókòó lára ògiri tí kì í já.
Sàúdátù gun àkàbà, híjáàbù rẹ̀ funfun fún eruku.
Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n ń bú wọn:
"Ẹ ò níṣẹ́ ni? Ṣé àwòrán la máa pọn?"
Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.
Èmi náà rò ó nínú mi: ṣé àwòrán la máa pọn?

Wọ́n parí ẹ̀. Mo wò ó láti ojúde mi:
ẹ̀rọ kan tó ga tó ọkùnrin méjì, ẹnu rẹ̀ là,
ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀.
Ọmọdébìnrin ni wọ́n tò sílẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ,
kẹ́ẹ̀gì lórí, ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan,
wọ́n ń kán sílẹ̀ títí dé etí gọ́tà.
Mo kà wọ́n. Mọ́kànlélógójì.
Mo ní, Múìnátù, kí ló dé tí wọn ò fi pé àádọ́ta?
Ó ní, "Iye àwọn tí kò wá sí sùkúù ní Mọ́ńdè kan nìyẹn,
nítorí omi. Inú rẹ́jísítà la ti rí wọn."

Ìjọba ìbílẹ̀ gbé ẹfun dé, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn.
Àlejò ńlá kan ń bọ̀ wá kọjá, wọ́n ní kí ojú ọ̀nà mọ́.
Wọ́n kùn ún funfun báláú.
Àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, wọ́n ń wò wọ́n.
Òru ọjọ́ kejì, òjò àkọ́rọ̀ dé.
Amọ̀ tó ti jóná kì í gba àtíkè.
Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọbìnrin náà tún jáde,
ojú wọn ń dán,
ẹfun sì ń wọ́ lọ nínú gọ́tà bí omidùn.

N kò ní purọ́ fún yín: omi kò dé.
Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ.
Àwọn tó ń ta omi tánkà ṣì ń tà á.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, mo rí Ìyá Alámù níwájú ògiri,
ó ń fi ìka tọ àpáàdì kan.
"Amù tí mo mọ nígbà oyún Múìnátù rè é.
Ojú iná ló ti bẹ́. Mo sunkún ẹ̀ lọ́jọ́ náà."
Ó ti di apá ọmọ kan báyìí,
apá tó fi di kẹ́ẹ̀gì mú.

Mo wọlé. Mo ká ẹní sókè.
Kọ́kọ́rọ́ kejì wà níbẹ̀, ti fáàfù ńlá,
èyí tí mo fi ìbínú gbé lọ
nígbà tí wọn ò san owó ìfẹ̀yìntì mi,
tí mo sọ fún ọ̀gá mi pé ó sọnù.
Mo fi epo pupa nù ún. Ìdípẹtà rẹ̀ kùn mí lọ́wọ́.
Mo ń lọ bá àwọn ọmọ náà.
N kò tíì mọ ohun tí n ó sọ.