Ó Dùn

Ibídùn lorúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àbọ̀.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú:
“Mọ́mì, ó dùn.”
Mo rò pé súìtì ló wà lẹ́nu rẹ̀.
Kò tíì mọ èdè wa tán; ó ti gbé “mí” mì mọ́ itọ́.
Èdè wa, ìwọ náà ò gbè wá:
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo fi ń pe oyin,
òun náà lo fi ń pe oró.

Hull la wà. Òtútù oṣù kejì ń họ fèrèsé.
Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru,
bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lójúmọmọ;
ẹnu ọ̀nà la ti ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara wa.
Lẹ́tà owó ilé dé, a jà.
Lẹ́tà ìwé ìgbélùú dé, a ò tilẹ̀ jà mọ́,
a kàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń ba ọmọ lẹ́rù.
Bó bá ké, a fún un ní bísíkíìtì.
Bí kò bá sùn, ife júùsì dé ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí,
ká ṣáà lè gbọ́ ohùn ara wa nínú ìjà.

Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tó ní pẹ́pẹ́yẹ lórí,
gbẹ bíi pákò èṣí.
Èmi tí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn kì í jẹ́ n kí òun
bí n ò bá tíì run orín.

Ìyáàfin Pickering tan iná sẹ́nu ọmọ.
Ó kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́rin.
Kò bínú. “Báwo ni nǹkan ṣe rí nílé?”
Eyín ni mo múra sílẹ̀ fún, kì í ṣe ilé.
Mo gbójú sókè sí àjà.

Lọ́dọ̀ wa, òrùlé là ń ju eyín sí
pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, kí tuntun lè hù.
Mẹ́rin yìí, inú ike ni wọ́n kó wọn sí
nígbà tí oorun abẹ́rẹ́ ṣì gbé e lọ.

Ní báyìí, kí kọ́kọ́rọ́ tó pààrọ̀ ọwọ́,
àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a dúró sídìí síǹkì.
Ẹnu tó kún fún ìfófòó kò ráyè ìjà.
Owó ilé ò tíì pé.
Omi lásán ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí;
òru mẹ́fà ló fi sunkún lé e lórí.

Láàárọ̀ yìí ó yanu sí mi, ihò pupa mẹ́rin:
“Mọ́mì, wò ó, kò dùn mọ́.”
Èwo nínú méjèèjì?
N ò béèrè.